Ẹ̀tọ́ Kì Í Ṣe Ẹ̀bùn Ìjọba

Ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn ọdún Iléyá, nígbà tí ariwo Ojúde Ọba ti rọlẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde, mo lọ kí bàbá kan ní àdúgbò wa. Àwọn ọlọ́pàá ti mú ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tó ń kọ́ iṣẹ́ télọ̀, lójú ọ̀nà, wọ́n sì fi í sí àhámọ́ fún ọjọ́ mẹ́rin láìgbé e dé kóòtù, láìsọ ẹ̀ṣẹ̀ tó ṣẹ̀ fún un. Wọ́n ti dá a sílẹ̀ nígbà tí mo débẹ̀. Ọpẹ́ ló kún ẹnu àwọn àlejò, ọ̀kan nínú wọn sì sọ gbólóhùn kan tí gbogbo ilé gbè lẹ́yìn rẹ̀: “Ìjọba ló fún wa lẹ́tọ̀ọ́, bó bá wù wọ́n, wọ́n lè gbà á.”

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí mi. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu olùkọ́, mo gbọ́ ọ nínú mọ́tò tó ń ná Ṣágámù sí Ìjẹ̀bú-Òde, mo sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀mọ̀wé tó yẹ kó mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn tó ń sọ ọ́ kì í ṣe òmùgọ̀. Ohun tí ojú wọn ti rí ló kọ́ wọn. Síbẹ̀, ìgbàgbọ́ náà kò tọ̀nà, ó sì léwu, nítorí ẹni tó bá gbà pé ẹ̀bùn ni ohun tó ní yóò máa dúpẹ́ nígbà tí wọ́n bá já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀, tí wọ́n sì dá ìdajì rẹ̀ padà fún un.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti inú èdè wa. Inú “tọ́” ni a ti rí “ẹ̀tọ́”, inú “bùn” ni a sì ti rí “ẹ̀bùn”. Ohun tó tọ́ sí mi yàtọ̀ sí ohun tí ẹnì kan bùn mi. Ẹni tó bùn mi ní nǹkan lè má bùn mi, n kò sì ní ẹjọ́ kankan láti bá a rò. Ṣùgbọ́n ẹni tó mú ohun tó tọ́ sí mi dání, tó kọ̀ tí kò fi lé mi lọ́wọ́, ó jẹ̀bi. Kò sí ẹni tó mọ èyí ju àwa ará Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ lọ, nítorí a mọ ọ̀rọ̀ ogún. Bí bàbá bá kú, tí àwọn àgbà ẹbí jókòó láti pín ohun tó fi sílẹ̀, wọ́n lè pín in ní ìdí-igi, kí ọmọ ìyá kọ̀ọ̀kan mú tiwọn lápapọ̀, wọ́n sì lè pín in ní orí-ò-jorí, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan dá tirẹ̀ gbà. Àríyànjiyàn lè wà lórí èyí tó yẹ. Ṣùgbọ́n ọ̀nà yòówù kí wọ́n gbà pín in, kò sí olórí ẹbí kan tí yóò dìde sọ pé òun ló fún ọmọ olóògbé ní ohun ìní bàbá rẹ̀. Pípín ló pín in. Bí ó bá sì fi ìpín ọmọ kan pamọ́, kò sí ẹni tí yóò sọ pé ọwọ́ rẹ̀ ló ti wá, kó máa gbé e lọ. Ẹbí yóò sọ pé ó rẹ́ ọmọ náà jẹ. Bí olórí ẹbí ṣe jẹ́ sí ogún ni ìjọba ṣe jẹ́ sí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn: olùpín àti olùtọ́jú ni, kì í ṣe ẹni tó ni í.

Àwọn kan yóò sọ pé òyìnbó ló kó ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ dé, pé lójú àwọn baba wa, ohun tí ọba bá wí ni abẹ gé. Èyí náà kò rí bẹ́ẹ̀. Ní Ìjẹ̀bú àtijọ́, Awùjalẹ̀ kì í dá nìkan ṣe ìlú: àwọn Ìlámùrẹ́n, ìyẹn àwọn olóyè àgbà, wà, àwọn Pàǹpá tó ń gbẹnu sọ fún àwọn ọmọ ìlú wà, àwọn Òṣùgbó, tí àwọn ẹlòmíràn ń pè ní Ògbóni, sì ń gbọ́ ẹjọ́ ní ilédì, ilé ìpàdé wọn. Kí ìwé òfin kankan tó dé ni àwọn àgbà ti ń sọ pé ẹni tó gbọ́ ẹjọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni. Ohun tí abala 36 ìwé òfin Nàìjíríà ọdún 1999 ń sọ gan-an nìyẹn nígbà tó ní ẹnikẹ́ni tí a bá fi ẹ̀sùn kàn gbọ́dọ̀ rí àyè sọ tẹnu rẹ̀. Wọ́n tún ní ilé ẹni la ti í jẹ èkúté onídodo, abala 37 sì dáàbò bo ilé, lẹ́tà àti ìbánisọ̀rọ̀ ẹni kúrò lọ́wọ́ ayọjúràn. Wọ́n ní bí a ti bí ẹrú ni a bí ọmọ.

N kò gbọdọ̀ sáré kọjá òwe tó gbẹ̀yìn yìí, nítorí àwọn tó ń pa á ní ẹrú nínú agbo ilé wọn. Ìjẹ̀bú ra ẹrú, Ìjẹ̀bú ta ẹrú. Irọ́ ni a ó pa bí a bá fi èyí pamọ́. Irú ẹ̀sùn yìí kan náà ló wà lọ́rùn àwọn tó dá orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà sílẹ̀. Ní ọjọ́ 4 oṣù Keje ọdún 1776, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé dọ́gbadọ́gba ni a dá ènìyàn, pé Ẹlẹ́dàá ló fún ènìyàn ní ẹ̀tọ́ tí ẹnikẹ́ni kò lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀, àti pé kí ẹ̀tọ́ wọ̀nyí lè ní ààbò ni a ṣe ń gbé ìjọba kalẹ̀. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe tò tẹ̀lé ara wọn: ènìyàn àti ẹ̀tọ́ rẹ̀ ló ṣáájú, ìjọba dé lẹ́yìn láti ṣọ́ ọ. Síbẹ̀, púpọ̀ nínú wọn ní ẹrú, ó sì di ọdún 1865 kí òfin wọn tó fòpin sí oko ẹrú. Àwọn kan ń fi èyí jiyàn pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni ẹ̀tọ́. Èmi rò pé òdìkejì rẹ̀ ló fi hàn. Kò sí òfin kankan tó gbè sẹ́yìn ẹrú náà, yálà ní Ìjẹ̀bú tàbí ní Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n ta ni nínú wa lónìí tó lè sọ pé a kò ṣẹ̀ ẹ́? Bí ẹ̀tọ́ bá jẹ́ ohun tí ìjọba ń fúnni, a jẹ́ pé ẹni tí ìjọba kò fún kò pàdánù ohunkóhun. Ọkàn wa mọ̀ pé ó pàdánù.

Nígbà tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi àkọsílẹ̀ ẹ̀tọ́ kún òfin wọn ní ọdún 1791, wọn kò kọ ọ́ pé ìjọba fún aráàlú ní òmìnira ọ̀rọ̀ sísọ. Ohun tí wọ́n kọ ni pé àwọn aṣòfin kò gbọdọ̀ ṣe òfin tí yóò dín òmìnira náà kù. Wọ́n tún fi kún un pé dídárúkọ àwọn ẹ̀tọ́ kan kò túmọ̀ sí pé aráàlú kò ní òmíràn tí a kò dárúkọ. Ọgbà ni wọ́n ń ṣe yí ohun tó ti wà ká. Bẹ́ẹ̀ náà ni tiwa ṣe bẹ̀rẹ̀. Ìbẹ̀rù àwọn ẹ̀yà kéékèèké pé àwọn ẹ̀yà ńlá yóò tẹ àwọn mọ́lẹ̀ lẹ́yìn òmìnira ló mú kí Ìlú Ọba gbé ìgbìmọ̀ Willink kalẹ̀ ní 1957, ìmọ̀ràn ìgbìmọ̀ náà ní 1958 ló sì mú kí orí ọ̀rọ̀ lórí ẹ̀tọ́ wọ inú ìwé òfin òmìnira. Ìṣọ́ra lòdì sí ìjọba ló bí i. Ẹ̀mí ìtọrẹ ìjọba kọ́.

Ẹni tó bá fẹ́ bá mi jiyàn yóò wá mú ohun ìjà rẹ̀ tó mú jù jáde: “Àwọn sójà ló fún wa ní ìwé òfin 1999, Dìkíríì 24 ni.” Òótọ́ ni. Ìjọba Ọ̀gágun Abdulsalami Abubakar ló fi dìkíríì, ìyẹn òfin tí àwọn sójà ń fi àṣẹ ṣe, gbé e jáde, a kò sì dìbò sí i. Ṣùgbọ́n abala 14 ìwé náà fúnra rẹ̀ sọ pé àwọn aráàlú ni àṣẹ jẹ́ tiwọn, àti pé ọwọ́ wọn ni ìjọba ti rí gbogbo agbára rẹ̀ gbà. Ní 1985, Adájọ́ Káyọ̀dé Ẹ̀ṣọ́ sọ ọ́ ní Kóòtù Gíga Jùlọ pé ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ga ju àwọn òfin yòókù nílẹ̀ lọ, ó sì ti wà ṣáájú kí àwùjọ olóṣèlú tó wà. Ẹjọ́ tí ìdílé Ransome-Kuti pè lórí ilé Fẹlá tí àwọn sójà jó ní 1977 ni ó ti sọ ọ́. Ó dùn mí láti fi kún un pé ìdílé náà kò jàre, nítorí òfin àtijọ́ kan tí a jogún lọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó ní a kò lè pe ìjọba lẹ́jọ́ lórí irú ìyẹn. Adájọ́ rí ẹ̀tọ́ náà, ó pè é lórúkọ, òfin sì dè é lọ́wọ́.

Rẹ́mọ mọ irú ìrora yìí. Nígbà tí wọ́n fi ẹ̀sùn ìdìtẹ̀ kan Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, ní 1962, ìwé òfin sọ pé kó yan agbẹjọ́rò tó wù ú. Ó yan ọ̀kan láti Ìlú Ọba, mínísítà sì kọ̀ pé ẹni náà kò gbọdọ̀ wọ Nàìjíríà. Kóòtù ní agbẹjọ́rò tó lè wọ ìlú láìgba àṣẹ ni òfin ń sọ. Wọ́n rán Olóyè lẹ́wọ̀n ọdún 10 ní 1963, ó sì di 1966 kó tó jáde. Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ mìíràn, Táì Ṣólàrìn, tó dá ilé ẹ̀kọ́ Mayflower sílẹ̀, wọ àhámọ́ ìjọba sójà ní 1984 nítorí ohun tó sọ, nígbà tí Dìkíríì 2 fún ìjọba láyè láti ti ènìyàn mọ́lé láìṣẹjọ́. Mo máa ń bi àwọn tó ní ẹ̀bùn ìjọba ni ẹ̀tọ́ pé: ǹjẹ́ àwọn sójà ṣẹ Ṣólàrìn? Wọ́n a ní bẹ́ẹ̀ ni, kíákíá. Báwo ni wọ́n ṣe ṣẹ̀ ẹ́, bí ó bá jẹ́ pé ohun tiwọn ni wọ́n gbà padà?

Èyí kò sọ pé ẹ̀tọ́ kò ní ààlà. Abala 45 gbà kí òfin dín àwọn kan kù nítorí ààbò ìlú, ìlera àwùjọ tàbí ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn, bí ó bá tọ́ ní ìlú tó ń ṣe ìjọba àwa-ara-wa. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ẹni tí àlàyé wà lọ́rùn rẹ̀. Ìjọba tó fẹ́ dín in kù ló gbọ́dọ̀ fi òfin hàn, kó sì sọ ìdí. Aráàlú kò ní í ṣàlàyé ìdí tí òun fi yẹ fún òmìnira.

Mo ka abala 35 fún bàbá tí mo wí lókè. Mo sọ fún un pé láàárín wákàtí 24 ló yẹ kí wọ́n fi ìwé sọ fún ọmọ rẹ̀, ní èdè tó gbọ́, ìdí tí wọ́n fi mú un. Pé níbi tí kóòtù bá wà láàárín kìlómítà 40, ọjọ́ kan péré ni wọ́n ní láti gbé e débẹ̀, àyàfi bó bá jẹ́ ẹ̀sùn tí ìjìyà rẹ̀ jẹ́ ikú, àti pé kò sí ibi kan láàárín Ìjẹ̀bú-Òde àti Ṣágámù tí kóòtù jìnnà sí jù bẹ́ẹ̀. Mo sọ pé abala 46 gbà á láyè láti gba Kóòtù Gíga lọ. Lẹ́yìn náà ni mo ka ibi tó ní ẹni tí a bá mú láìbófinmu ní ẹ̀tọ́ sí owó gbà-má-bínú àti ìtọrọ àforíjì ní gbangba.

Bàbá ní kí n tún ibẹ̀ kà. Mo tún un kà.

“Ṣé àwọn ni yóò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ mi?”

Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nìyẹn.” Ó pe ọmọ náà jáde láti inú yàrá, ó ní kó wá jókòó tì wá.