Gíríìn Tíì Kò Lè Bá Yín Yọ Ikùn

Ẹ wọ ọkọ̀ Iléṣà ní gáréèjì ní Ilé-Ifẹ̀ ńbí. Kí ọkọ̀ tó kún, ẹnì kan á ti dìde, á gbàdúrà ìrìn-àjò, ẹ ó ṣe àmín, á wá yọ páálí gíríìn tíì jáde. Ó ń fọ ẹ̀jẹ̀, ó ń lé ìtọ̀ ṣúgà, ó ń pa jẹjẹrẹ, ó sì ń yọ́ ọ̀rá ikùn. Ti ikùn yìí ló ń tà jù.

Ohun tí wọ́n ń torí ẹ̀ pariwo ni polyphenol, èròjà tó ń mú kí tíì korò díẹ̀ lẹ́nu. Èyí tó gbajúmọ̀ jù nínú gíríìn tíì ni EGCG. Òótọ́ ni pé ó ń ṣe bẹbẹ tí wọ́n bá dà á sórí sẹ́ẹ̀lì nínú ìgò ní yàrá ìwádìí. Èyí tá a fẹnu mu ńkọ́? Díẹ̀ ló ń wọnú ẹ̀jẹ̀, àwọn kòkòrò inú ìfun ló ń túlé ìyókù.

Lọ́dún 2012, àjọ Cochrane, tó máa ń yẹ ìwádìí ìṣègùn wò, kó àwọn ìwádìí tí wọ́n fi gíríìn tíì ṣe lára àwọn tó sanra jọ. Nínú mẹ́fà tí wọn ò ṣe ní Japan, ìyàtọ̀ tó wà nínú bí ara àwọn tó lò ó àtàwọn tí ò lò ó ṣe fúyẹ́ sí jẹ́ 0.04 kg. Ẹyin adìẹ kan wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ.

"Àmọ́ mo mu ún, ikùn mi sì fọn!" Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yí páálí yẹn sẹ́yìn. Lára ọ̀pọ̀ tíì tí wọ́n ní ó ń múni pẹ́lẹ́ńgẹ́, ẹ máa rí senna tí wọ́n fi lẹ́tà wínníwínní kọ. Oògùn ìyàgbẹ́ ni senna. Ìgbẹ́ àti omi ara lẹ yà dànù, ọ̀rá ò kúrò lójú kan. Ẹ mumi, ẹ jẹyán lálẹ́, gbogbo ẹ̀ á padà dé.

Kí n má purọ́ mọ́ tíì o. Ìwádìí kan tó jáde ní Japan lọ́dún 2006, tó ṣọ́ èèyàn tó lé ní 40,000, rí i pé àwọn tó ń mu ife márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lóòjọ́ kì í sábà kú ikú àrùn ọkàn tó àwọn tí kì í mu tó ife kan. Ti jẹjẹrẹ, kò yàtọ̀. Wọ́n kàn ń wò wọ́n ni ṣá. Ó lè jẹ́ nǹkan mìíràn nínú ìgbé ayé wọn ló ṣe é.

Kápúsù gíríìn tíì ló ń bà mí lẹ́rù. Àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ ní Yúróòpù sọ lọ́dún 2018 pé EGCG tó bá tó 800 mg lójúmọ́ láti inú kápúsù lè da ẹ̀dọ̀ láàmú. Ẹ̀yin aláboyún tí wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ yín ò tó, ẹ má fi tíì lé ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ lójú ẹsẹ̀, torí kì í jẹ́ kára rí ayọ́ọ̀nù inú wọn gbà dáadáa. Ẹni tí wọ́n bá sì fún ní nadolol fún ẹ̀jẹ̀ ríru, kó kọ́kọ́ bi apòògùn léèrè kó tó mu gíríìn tíì, torí ó ń dín oògùn náà kù nínú ẹ̀jẹ̀.