Èsì wa fún oníbàárà tó ní sínámọ́nì wa “ń fọ́ lọ́wọ́ bí ewé gbígbẹ”

Ẹ kú àárọ̀ mà. A dúpẹ́ pé ẹ rajà lọ́wọ́ wa. A ti rí ìràwọ̀ méjì tí ẹ fún wa. Ẹ ní sínámọ́nì wa, èèpo igi olóòórùn dídùn tí à ń fi sí oúnjẹ, ti gbó, pé ó ń fọ́ lọ́wọ́ bí ewé gbígbẹ, pé kò ta lẹ́nu rárá, àti pé èyí tí wọ́n ń tà l'ọ́jà Ìgbọ̀nà le, ó pọ́n, owó tiwa sì tó ìlọ́po mẹ́ta tiwọn. Ẹ wá fi “ẹ ṣọ́ra fún wọn” kádìí rẹ̀. Gbólóhùn yẹn ló jẹ́ ká fèsì níbi tí gbogbo èèyàn á ti kà á.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 10 oṣù kẹta, lẹ san owó gíráàmù 50. Ọmọbìnrin tó ń bá wa di ọjà dì í lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó sì lé sí 52 lórí ìwọ̀n. Ọjọ́rú ni ọlọ́kadà gbé e dé Ògo Olúwa dípò ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹ̀bi wa nìyẹn, ẹ má bínú. Ṣùgbọ́n pé ọjà gbó? Rárá o.

Mà, ẹ wo fọ́tò kejì tí ẹ̀yin fúnra yín gbé síbẹ̀. Ẹ fẹ̀ ẹ́, kí ẹ wo ẹnu igi náà dáadáa. Ìpele méje la kà níbẹ̀, tó fẹ́lẹ́ bí ìwé, ọ̀kan nínú ọ̀kan, bí ìwé ìròyìn tí wọ́n ká. Bí sínámọ́nì Sri Lanka, èyí tí a tà fún yín, ṣe ń rí nìyẹn. Kasíà, èèpo igi mìíràn tó jẹ́ ìbátan rẹ̀, ló kún ọjà. Ìpele kan ṣoṣo ló ní, ó nípọn, etí rẹ̀ méjèèjì á ká wọnú bí awọ tó gbẹ sóòrùn. Ọmọ odó lẹ máa fi gbá a kó tó fọ́, ó sì ń ba abẹ bílẹ́ńdà jẹ́. Ìka méjì tó fún tiwa. Fífọ́ tó fọ́ mọ́ yín lọ́wọ́ yẹn gan-an ni ẹ̀rí pé ohun tí ẹ sanwó fún la fún yín. Bíbélì pàápàá ò kà wọ́n sí ọ̀kan: Ẹ́kísódù 30, ẹsẹ 23 dárúkọ kínámónì, ìyẹn sínámọ́nì, ẹsẹ 24 dárúkọ kasíà lọ́tọ̀.

Ẹ wá gbọ́ ibi tí owó rẹ̀ ti gun òkè. Ní Sri Lanka, wọn kì í jẹ́ kí igi náà di ìrókò. Tó bá tó bí ọdún mẹ́ta tí wọ́n gbìn ín, wọ́n á gé e sún mọ́ ilẹ̀, kùkùté á yọ èéhù púpọ̀, èyí tó bá sì pé ọdún kan ààbọ̀ sí méjì ni wọ́n ń gé. Àsìkò òjò ni, nígbà tí ewé tuntun tó yọ ní pupa bá ti di tútù, torí ìgbà yẹn ni èèpo ń ṣí kúrò lára igi wọ́ọ́rọ́wọ́. Lásìkò ọ̀dá, ńṣe ló máa lẹ̀ pinpin, tí á máa ya. Wọ́n á ha èèpo òde dànù, wọ́n á fi ọ̀pá idẹ ra igi náà títí èèpo inú á fi dẹ̀, wọ́n á fi ọ̀bẹ là á ní ìhà méjì, wọ́n á wá bó o. Èèpo inú yẹn ni sínámọ́nì. Wọ́n á ki kéékèèké sínú gígùn títí yóò fi tó ínṣì 42, wọ́n á tẹ́ ẹ sórí okùn lábẹ́ òrùlé. Bí oòrùn líle bá pa á ní tútù, á wọ́, á sì sán. Ọwọ́ ni gbogbo rẹ̀. Èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù, tí kò ju mìlímítà 6 lọ ní fífẹ̀, ni ìsọ̀rí tí wọ́n ń pè ní Alba. Èyí tí a tà fún yín, C5, wà lábẹ́ rẹ̀.

Ti kasíà, ní Sumatra, igi lè lo ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí wọ́n tó gé e lulẹ̀, kí wọ́n bó o, kí wọ́n sá a sóòrùn. Iṣẹ́ ibẹ̀ kéré, ló fi pọ́ọ́kú.

Ẹ ní kò ta. Kò yẹ kó ta bíi kasíà. Ẹ sì kọ ọ́ pé inú sóbò lẹ jù ú sí lódindi, pẹ̀lú ata ilẹ̀ àti kànáfùrù, tí ẹ sè é fún wákàtí kan. Mà, kànáfùrù ti bò ó mọ́lẹ̀, òórùn rẹ̀ sì ti bá ooru lọ. Ẹ rún un wẹ́wẹ́, gíráàmù 4 sí omi lítà 1, ẹ dé ìkòkò, iná kékeré, ìṣẹ́jú 15. Tó bá jẹ́ sóbò, ìgbà tí ẹ bá sọ ọ́ kalẹ̀ ni kí ẹ jù ú sí i, kí ẹ sì dé e.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ rà á, ẹ gbọ́ èyí ná. Èròjà kan wà tí wọ́n ń pè ní kúmárìn, tó lè pa ẹ̀dọ̀ lára. Ó pọ̀ nínú kasíà, ti Sri Lanka ò ju kín-ún lọ. Àjọ tó ń bójú tó ààbò oúnjẹ ní Yúróòpù ní kó má ju mìlígíráàmù 0.1 lọ lójúmọ́ fún kílò kọ̀ọ̀kan tí èèyàn wọ̀n. Ẹni kílò 60, mìlígíráàmù 6 nìyẹn. Ṣíbí tíì kan kasíà lílọ̀ lè kọjá bẹ́ẹ̀. Nínú ọbẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kò séwu. Ẹni tó ń mu ún láràárọ̀ kó lè fọn ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà wá. Àwa náà ń ta kasíà, ṣùgbọ́n a kọ orúkọ rẹ̀ sí i lára gàdàgbà.

Bó bá ti di lílọ̀, ojú lásán ò lè dá a mọ̀. Ẹ fi omi díẹ̀ po ó, kí ẹ kán áyódìn, oògùn tí wọ́n ń fi sójú egbò, sí i. Kasíà á ṣú bí aró, èèyàn Òṣogbo ò sì nílò kí wọ́n júwe aró fún un. Ti Sri Lanka ò ní fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ẹ da èyí tí ẹ fi dán an wò nù.

Mà, ìwé ìlò tó yẹ kó wà nínú ọ̀rá yín, ọmọ wa gbàgbé rẹ̀. Nítorí ìyẹn, ẹ kó èyí tó kù wá sí ṣọ́ọ̀bù wa l'Ọ́jà Ọba títí di Sátidé ọjọ́ 29, kódà kó ku gíráàmù 5. Ẹ ó gba gbogbo owó yín padà, pẹ̀lú gíráàmù 100 kasíà tó le, tó pọ́n, tó sì ta bí ẹ ṣe fẹ́ ẹ. Èyí tí ẹ bá dá padà, a ò ní tà á fún ẹnikẹ́ni. Àwa la máa sè é mu ní ṣọ́ọ̀bù, torí àwa mọ ohun tó jẹ́.