Àtúnṣe lórí Ipò Chengxiang ní Ṣáínà Àtijọ́

Kò tọ̀nà láti kọ ọ́ pé láti ayé ìdílé ọba Qin títí di 1911, gbogbo olú-ọba Ṣáínà ló ní chengxiang, ìyẹn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ga jù lọ lábẹ́ olú-ọba, tó dà bí olórí ìjọba òde òní. Lọ́dún 1380, lẹ́yìn tí olú-ọba Hongwu pa Hu Weiyong, ẹni tó di ipò náà mú gbẹ̀yìn, ó fòpin sí ipò ọ̀hún, ó sì pàṣẹ pé kí iléeṣẹ́ ìjọba mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, tó ń bójú tó òṣìṣẹ́, owó, ààtò ìsìn, ogun, ìjìyà ọ̀daràn àti iṣẹ́ ìkọ́lé, máa jábọ̀ fún òun tààrà. Ohun tó burú jù ni pé fífi chengxiang wé olórí ìjọba òde òní fojú fo agbára olú-ọba, nítorí pé kò sí ilé aṣòfin kankan tó lè gbè lẹ́yìn chengxiang bí olú-ọba bá fẹ́ yọ ọ́.