Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ Montmartre kò tan adájọ́ kankan jẹ

Tí àríyànjiyàn bá ti bẹ́ sílẹ̀ lórí iṣẹ́ ọnà òde òní, kì í pẹ́ tí ẹnì kan á fi fa ìtàn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ yọ. Wọ́n ní àwọn kan so búrọ́ọ̀ṣì mọ́ ìrù kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ní Paris, ẹranko náà ń ju ìrù sọ́tùn-ún sósì, ọ̀dà ń kun aṣọ, ni wọ́n bá gbé àwòrán náà lọ síbi ìpàtẹ ńlá. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n wò ó, wọ́n mi orí, wọ́n ní ọ̀gá ayàwòrán tuntun ti dé. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń fi iyọ̀ sí i pé ẹ̀bùn kìíní ló gbà. Ibì kan náà ni gbogbo wọn ń gúnlẹ̀ sí: ṣé ẹ ti wá rí i pé jìbìtì lásán ni nǹkan wọ̀nyí?

Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ wà lóòótọ́. Ìrù rẹ̀ kun aṣọ lóòótọ́. Ibi tí wọ́n gúnlẹ̀ sí yẹn ni kò bá ìtàn náà mu.

Kí n tó tẹ̀ síwájú, ẹ má rò pé mo fẹ́ ba àwàdà náà jẹ́. Roland Dorgelès tó dá a sílẹ̀ wà lára àwọn òǹkọ̀wé tí mo fẹ́ràn jù. Ọmọ ìlú Amiens ni, ọdún 1885 ni wọ́n bí i. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ yìí ló lọ jagun àgbáyé àkọ́kọ́, ìwé tó sì kọ nípa ogun yẹn ni òǹkọ̀wé Marcel Proust fi ìbò mẹ́fà sí mẹ́rin gba Goncourt, ẹ̀bùn ìwé tó lókìkí ní Faransé, mọ́ lọ́wọ́ ní 1919. Ṣùgbọ́n ní 1910, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni, oníròyìn tẹ́nu ẹ̀ mú bí abẹ, tí kì í kúrò ní Lapin Agile, ilé ọtí kan lórí òkè Montmartre ní Paris. Frédé ló ni ilé ọtí náà, ọkùnrin onírùngbọ̀n tó máa ń ta gìtá fún àwọn oníbàárà. Picasso, ayàwòrán, pàápàá mutí níbẹ̀. Ó ya ara rẹ̀ síbẹ̀ ní 1905, tòun ti Frédé lẹ́yìn tó ń ta gìtá. Dorgelès kò gba ti Picasso àtàwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ rárá. Frédé sì ní kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kan, Lolo lorúkọ ẹ̀.

Nínú oṣù kẹta 1910 ni Dorgelès àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pe bélíìfù, òṣìṣẹ́ kóòtù gidi, wá síwájú Lapin Agile kó wá kọ ohun tó bá ṣojú rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n so búrọ́ọ̀ṣì mọ́ ìrù Lolo, wọ́n yí ìdí rẹ̀ sí aṣọ ìyàwòrán, wọ́n ń fún un ní kárọ́ọ̀tì. Bí kárọ́ọ̀tì bá ti ń dùn mọ́ Lolo ni ìrù ń jù. Tí àwọ̀ kan bá tó, wọ́n á ti búrọ́ọ̀ṣì bọ òmíràn. Wọ́n pe àwòrán náà ní “Oòrùn sì sùn lọ lórí òkun Adriatic”, wọ́n ní Joachim-Raphaël Boronali, ayàwòrán ará Genoa, ló yà á. (Genoa kò sí létí òkun Adriatic, òdì kejì Ítálì ló wà. Etíkun ìlà-oòrùn Ítálì tó sì wà létí Adriatic, yíyọ ni oòrùn ń yọ lójú òkun níbẹ̀, kì í wọ̀ síbẹ̀. Ẹni tó bá mọ máàpù ì bá ti fura.)

Boronali fúnra rẹ̀ ni lẹ́tà Aliboron tí wọ́n tú ká tí wọ́n tún tò. Aliboron sì ni orúkọ tí gbogbo ọmọ ilé ìwé ní Faransé mọ̀ mọ́ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ láti inú àlọ́ La Fontaine, akéwì wọn.

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù kò sí lórí aṣọ ìyàwòrán. Lọ́dún tó ṣáájú, Marinetti, akéwì ará Ítálì, ti gbé ìkéde ẹgbẹ́ ọjọ́ iwájú (Futurisme) jáde nínú ìwé ìròyìn Le Figaro, tó ní kí wọ́n wó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé palẹ̀. Dorgelès náà bá kọ ìkéde tirẹ̀ lórúkọ Boronali, ó pe ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Excessivisme, ẹgbẹ́ alásejù. Nínú rẹ̀ ló ti sọ pé kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kan ló sọ pé àbùkù ni àṣejù. Àwọn ní tiwọn ń kéde pé agbára ni. Àwa tí wọ́n fi “àṣejù, baba àṣetẹ́” tọ́ dàgbà, ẹ wo bó ṣe sọ wá di kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́! Ó fi àṣírí ara rẹ̀ sí ojútáyé, ó ń wo ẹni tó máa kà á fara balẹ̀.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ àwọn adájọ́ tí wọ́n ní Lolo tàn jẹ. Ibi tí wọ́n gbé àwòrán náà lọ ni Salon des Indépendants, ìpàtẹ àwọn ayàwòrán olómìnira ní Paris. Ọdún 1884 ni àwọn ayàwòrán Seurat, Signac àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn dá a sílẹ̀, nítorí pé adájọ́ ìpàtẹ ńlá Paris ti dá iṣẹ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn padà. Òfin tí wọ́n fi lélẹ̀ kò ju gbólóhùn kan lọ: kò sí adájọ́, kò sí ẹ̀bùn. Ẹni tó bá ti san owó àyè, wọ́n á gbé tirẹ̀ kọ́. Àwòrán ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló máa ń wà níbẹ̀ lọ́dọọdún, èyí tó dára, èyí tí kò dára, tàwọn tó ń yàwòrán lọ́jọ́ ìsinmi. Ibẹ̀ ni Henri Rousseau, òṣìṣẹ́ agbowó-bodè, ti ń gbé iṣẹ́ rẹ̀ kọ́ láti 1886 tí àwọn èèyàn ń fi í rẹ́rìn-ín.

Nítorí náà, ta ni Lolo tàn? Kò sẹ́ni tó yan àwòrán rẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tí wọ́n gbà síṣẹ́ kó yàn. Ẹ̀bùn kìíní tí wọ́n ní ó gbà, ibi tí wọn kì í ti í fúnni lẹ́bùn ló ti gbà á nìyẹn! Ìwé ìròyìn ni Dorgelès fi ṣe pápá àwàdà rẹ̀. Ohun tó fà á nìyí tó fi pe bélíìfù: ó mọ̀ pé bí òun bá gbé ìtàn náà lọ bá ìwé ìròyìn Le Matin lọ́wọ́ òfìfo, wọn kò ní gbà á gbọ́. Lẹ́yìn tí àṣírí tú nínú ìwé ìròyìn ni èrò wá rọ́ lọ síbi ìpàtẹ láti wo iṣẹ́ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Wọ́n ti mọ ẹni tó kùn ún kí wọ́n tó dé ibẹ̀.

Kì í sì í ṣe Lolo nìkan ló kùn ún. Èèyàn ló yan àwọ̀, èèyàn ló mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n gba kárọ́ọ̀tì kúrò lẹ́nu rẹ̀, èèyàn ló pè é ní òkun. Mú àkọlé yẹn kúrò, kó o wá sọ fún mi ibi tí oòrùn wà. Àwòrán náà ṣì wà ní Milly-la-Forêt, ní gúúsù Paris, fún ẹni tó bá fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí i.

Bí a bá sì fẹ́ mọ̀ bóyá ojú èèyàn lè dá iṣẹ́ ayàwòrán mọ̀ yàtọ̀ sí ti ẹranko, wọ́n ti dán ìyẹn wò. Ní 2011, Angelina Hawley-Dolan àti Ellen Winner ti Boston College ní Amẹ́ríkà to àwòrán ní méjì-méjì: ọ̀kan tí gbajúgbajà ayàwòrán kùn láìya èèyàn tàbí igi, èkejì tó jọ ọ́ tí ọmọdé, ọ̀bọ, ìnàkí tàbí erin kùn. Wọ́n ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mú èyí tó dára jù. Ní àwọn ibì kan, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi orúkọ ẹranko sábẹ́ ti ayàwòrán, wọ́n fi ti ayàwòrán sábẹ́ ti ẹranko. Síbẹ̀, ti ayàwòrán ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà yàn jù, títí kan àwọn tí kò kọ́ iṣẹ́ ọnà. Wọ́n ṣi í láwọn ìgbà mìíràn o, ṣùgbọ́n ká ní kò síyàtọ̀ rárá ni, ìdajì-ìdajì ni ì bá jẹ́.

Ẹni tó bá ń wá àwàdà tó mú onílé ìpàtẹ lọ́wọ́ yẹ kó lọ sí New York ní 1917. Ẹgbẹ́ kan níbẹ̀ gba òfin àwọn ará Paris yìí lò: san dọ́là mẹ́fà, a ó gbé tìrẹ kọ́. Marcel Duchamp, tó jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, fi àwo ìtọ̀ ọkùnrin ránṣẹ́, ó kọ R. Mutt sí i lára, ó san owó. Àwọn tó ní àwọn kì í dá nǹkan kan padà sáré dìbò, wọ́n dá a padà. Duchamp kọ̀wé fi ìgbìmọ̀ sílẹ̀. Èèyàn wà lẹ́nu ọ̀nà tòun yẹn, wọ́n sì ṣe ìdájọ́. Kò sẹ́ni lẹ́nu ọ̀nà tí Lolo gbà wọlé.