Àtúnṣe sí àtẹ̀jíṣẹ́ tó ní ká fi ọtí tu ẹni tó ń ronú ikú nínú

Àtẹ̀jíṣẹ́ kan ń kiri lórí WhatsApp pé bí ọkàn ẹnìkan bá rẹ̀wẹ̀sì, a kò gbọdọ̀ bi í bóyá ó ń ronú láti gbẹ̀mí ara rẹ̀, torí ìbéèrè yẹn ló máa gbin èrò náà sí i lọ́kàn. Ó ní ká kúkú fún un lọ́tí díẹ̀ kí ara rẹ̀ lè balẹ̀.

Irọ́ ni méjèèjì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àánú ló mú ọ̀pọ̀ fi í ránṣẹ́.

Ní 2014, Psychological Medicine, ìwé àtìgbàdégbà kan lórí ìlera ọpọlọ, tẹ àgbéyẹ̀wò ìwádìí 13 jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí. Kò sí ọ̀kankan tó fi hàn pé bíbéèrè ń dá kún èrò náà. Ó tilẹ̀ lè dín in kù.

Ti ọtí ló burú jù. Ó máa ń tuni lára lákọ̀ọ́kọ́, àmọ́ bó bá ń dá lójú, ìbànújẹ́ a tún wúwo sí i. Ó tún máa ń gba ìkóra-ẹni-níjàánu lọ́wọ́ èèyàn, débi pé ohun tí ì bá rò lẹ́ẹ̀mejì, á ṣe é lójú ẹsẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ka ọtí àmujù mọ́ ohun tó ń fa ewu pé kéèyàn gbẹ̀mí ara rẹ̀. Ẹ lè yẹ̀ ẹ́ wò lórí ìkànnì wọn. (Kì í ṣe gbogbo amutí ló wà nínú ewu o.)

Ẹ béèrè tààrà, ẹ fetí sílẹ̀. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀ títí ẹ ó fi mú un dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí ránṣẹ́ síbi tí ẹ ti rí ti àkọ́kọ́.