Ẹ má fi ‘abéèrè kì í ṣìnà’ kọ́ ilé ìwòsàn

Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba rí, ẹ mọ ìrìn náà. Ẹ ó kọ́kọ́ lọ gba káàdì. Lẹ́yìn káàdì, wọ́n á ní kí ẹ lọ sanwó níbòmíràn, kí ẹ mú rìsíìtì padà wá. Dókítà á kọ ìwé lé yín lọ́wọ́, ó di láàbù. Láàbù wo? Èyí tó wà nísàlẹ̀ ni, àbí èyí tó wà lẹ́yìn wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé? Ẹ ó bi nọ́ọ̀sì, á nawọ́ sí iwájú. Ẹ ó bi ẹni tó ń gbálẹ̀, òun á ní ẹ ti kọjá á. Kí ẹ tó débẹ̀, ẹni tó ń gba ẹ̀jẹ̀ ti lọ jẹun.

Àwọn àgbà ní abéèrè kì í ṣìnà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó jọ pé òwe yìí ni àwọn tó ń kọ́ ilé ìwòsàn wa fi rọ́pò àmì ìtọ́nà. Ohun tí a ń béèrè ni pé kí àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ wa, láti Èkó dé Èkìtì, má ṣe ṣí ilé ìwòsàn tuntun kankan mọ́ láìjẹ́ pé ètò àmì ìtọ́nà rẹ̀ ti wà nílẹ̀ ní Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì. Èyí tó wà tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tún àmì tirẹ̀ kọ.

Ìbéèrè kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ẹni tí ara ń ni kò lókun àtimáa bi èèyàn mẹ́fà léèrè. Ìtìjú tún wà ńbẹ̀. Ọkùnrin tó wá gba oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ, obìnrin tó ń wá ibi ìfètò-sọ́mọ-bíbí tí kò fẹ́ kí ìyá ọkọ òun gbọ́, ta ni kí wọ́n bi? Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà tí ohùn rẹ̀ dà bí ti agogo ṣọ́ọ̀ṣì? Bí nọ́ńbà bá wà lára ilẹ̀kùn, tí dókítà sì ní “Ẹ lọ sí yàrá 14,” àṣírí bò.

Ẹni tó bá rò pé aláìsàn nìkan ni ìyà yìí ń jẹ, kó wo ilé ìwòsàn Yunifásítì Emory ní Atlanta, ní Amẹ́ríkà. Ìwádìí kan tó jáde ní 1990 fi hàn pé lọ́dọọdún, wákàtí tó lé ní 4,500 ni àwọn òṣìṣẹ́ tí iṣẹ́ wọn kì í ṣe ìfọ̀nàhàn fi ń júwe ọ̀nà fún àlejò, owó tí èyí sì ń jẹ lé ní 220,000 dọ́là. Atlanta nìyẹn o, níbi tí ọ̀pọ̀ àlejò ti lè ka ohun tó wà lára ògiri. Lọ́dọ̀ wa, ìwọ̀nba nọ́ọ̀sì tó ṣẹ́kù lẹ́yìn àwọn tó ti jápa ni a tún sọ di máàpù.

Ohun tó sì wà lára ògiri ọ̀hún ńkọ́? Haematology. Radiology. Ìyá tó ń ta ẹ̀fọ́ ní Bódìjà lè mọ Gẹ̀ẹ́sì tí yóò fi tajà fún ẹnikẹ́ni, kó má tíì gbọ́ èyí rí. Ṣùgbọ́n kí á má tún lọ hun Yorùbá tí ẹnì kankan kì í sọ. “Ẹ̀ka Ìmọ̀ Ìjìnlẹ̀ nípa Ẹ̀jẹ̀” kò sàn ju Haematology lọ. “Ìdánwò ẹ̀jẹ̀” ti tó. “Ìgba káàdì”, “Ìsanwó”, “Ìgbẹ̀bí”, “Ẹ́síréè”: ohun tí àwọn èèyàn ń pè é lẹ́nu ọ̀nà ni kí wọ́n kọ, kí wọ́n sì fi han èèyàn mẹ́wàá lórí bẹ́ǹṣì kí ọ̀dà tó kan pátákó. Kí wọ́n fi àmì ohùn sí i pẹ̀lú. Ilé oògùn ni a ń wá, a kò wá ilé òógùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òógùn kò wọ́n nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí fáànù rẹ̀ ti kú. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣòfin ní 2018 pé kí gbogbo iléèwé máa kọ́ ọmọ ní Yorùbá. Ọmọ tó bá kọ́ ọ tán, níbo ni yóò ti rí i kà?

Wọ́n á ní kì í ṣe Yorùbá nìkan ló ń wá. Ègùn ń wá, Haúsá àti Ígbò ń wá, ọ̀pọ̀ Yorùbá pàápàá kò mọ̀wé. A gbà. Ìdí nìyẹn tí nọ́ńbà, àwọ̀ àti àwòrán fi gbọ́dọ̀ bá ọ̀rọ̀ rìn. Àwòrán ẹni tó ń sáré gba ẹnu ọ̀nà jáde lórí àwọ̀ ewé, tí Yukio Ota ará Jàpánù yà, kò bi ẹnikẹ́ni bóyá ó kàwé. Ó ti dé àwọn plásà ìtajà wa náà: àwòrán wà lókè ilẹ̀kùn, àgádágodo wà nísàlẹ̀.

Orí pépà ilé ni ó yẹ kí iṣẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ayàwòrán-ilé bá ń fa ọ̀dẹ̀dẹ̀. Níbi tí ọ̀nà bá ti pín ni èèyàn ti ń dúró wo ọ̀tún wo òsì, ibẹ̀ ni pátákó yẹ kó wà, kì í ṣe ibi tí ògiri bá ti ṣófo. Lẹ́tà tí a fẹ́ kí wọ́n kà láti mítà mẹ́ta, kó ga tó sẹ̀ǹtímítà méjì àbọ̀. Ọfà tó kọjú sókè, kí á mọ̀ bóyá ká gun àtẹ̀gùn ni àbí ká máa lọ tààrà. Òfin Amẹ́ríkà ní kí lẹ́tà tí afọ́jú lè fọwọ́ kàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn wà láàárín sẹ̀ǹtímítà 122 sí 152 láti ilẹ̀, kí ọwọ́ lè mọ ibi tí yóò ti wá a. Ní January 2019 ni Nàìjíríà fọwọ́ sí òfin àwọn aláàbọ̀ ara, tó fún àwọn ilé ìlò gbogbogbòò ní ọdún márùn-ún láti tún ara ṣe. Ọdún márùn-ún ti pé láti January 2024.

Ilé ìwòsàn sì máa ń dàgbà. Bẹ́ẹ̀dì 500 ni UCH ní Orítamẹ́fà, Ìbàdàn, fi bẹ̀rẹ̀ ní 1957. Ó ti fi púpọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ báyìí. Ilé ìwòsàn tó bá ń gbèrú báyẹn nílò ẹnì kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa yí pátákó padà bí wọ́ọ̀dù bá ṣe ń ṣí kiri. Bí kò bá sí, bébà tí wọ́n fi sẹlotéèpù lẹ̀ ni yóò máa ṣe é, títí òjò yóò fi wọlé.

Wọn kò gbọdọ̀ ní kò sówó. Nínú ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn tí ìjọba kọ́, àmì kan ṣoṣo wà tí wọ́n ṣe dáadáa: òkúta mábù ẹnu ọ̀nà, tí wọ́n fín orúkọ gómìnà tó ṣí i sí, lẹ́tà wúrà gbàǹgbà-gbàǹgbà tí a lè kà láti ojú títì. Ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ìyẹn mọ bí wọ́n ṣe ń kọ “Ìdánwò ẹ̀jẹ̀”.

Kí kọmíṣọ́nnà ètò ìlera ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan wọ aṣọ tí wọn kò ní fi dá a mọ̀, kó gbé ìgò ìtọ̀ kékeré dání láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, láìsí ẹ̀ṣọ́, láìsí alábòójútó, kó dá wá láàbù lọ láti ẹnu géètì. Kó máa ka iye èèyàn tó bi léèrè kó tó dé ibẹ̀. A ó tẹ nọ́ńbà náà sójú ìwé kìn-ín-ní.