Ojú Lalákàn Fi Ń Ṣọ́rí: Ìmọ̀ràn fún Ẹni tí Òǹkà Ń Dà Láàmú Nídìí Híhun Wúùlù

Àwọn àgbà ní ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ìṣọ́ra lọ́wọ́ ewu ni a sábà máa ń fi òwe yìí kọ́ni, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kejì: ohun tí alákàn ní ló fi ń ṣọ́ ara rẹ̀, kò jókòó máa sunkún ohun tí kò ní. Ẹni tó fẹ́ kọ́ bí a ṣe ń fi abẹ́rẹ́ gígùn méjì hun wúùlù, àmọ́ tí òǹkà kì í dúró sí i lórí, lè rí ẹ̀kọ́ mú níbẹ̀, nítorí iṣẹ́ ojú àti iṣẹ́ ọwọ́ ni ìhun ju iṣẹ́ òǹkà lọ.

Àwọn kan wà tí nọ́ńbà ti máa ń dàrú mọ́ lójú láti kékeré. Dyscalculia ni àwọn onímọ̀ ń pè é, kò sì túmọ̀ sí pé ẹni bẹ́ẹ̀ ya òmùgọ̀ tàbí ọ̀lẹ. Àwọn mìíràn mọ òǹkà, ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá ti kí wọn pẹ́nrẹ́n, gbogbo iye tí wọ́n ti kà á fò lọ. Bí irú wọn bá ṣí ìwé ìlànà, tí wọ́n rí i pé ọgọ́fà ojú ìhun, ìyẹn ìkọ́ òwú kọ̀ọ̀kan tó ń wà lórí abẹ́rẹ́, ni kí àwọn kó sórí abẹ́rẹ́, wọ́n á pa ìwé náà dé. N kò dá wọn lẹ́bi. Ẹni tí òǹkà rọ̀ lọ́rùn ló kọ ìlànà fún ẹni tí òǹkà rọ̀ lọ́rùn, ọ̀nà kan ò sì wọjà.

Aṣọ onígun mẹ́rin tí a bẹ̀rẹ̀ láti igun kan ni mo máa fi lé irú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Ojú mẹ́ta péré ni yóò kọ́kọ́ kó sórí abẹ́rẹ́, yóò sì máa fi ojú kan kún un ní ìbẹ̀rẹ̀ ìlà kọ̀ọ̀kan, tí aṣọ yóò fi máa fẹ̀ sí i. Nígbà tó bá tẹ́ ẹ sórí itan, tó rí i pé ó fẹ̀ tó bí òun ṣe fẹ́, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í pa ojú méjì pọ̀ di ọ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ìlà kọ̀ọ̀kan, títí yóò fi ku mẹ́ta padà. Kò síbi tó ti pọn dandan kó mọ iye ojú tó wà lórí abẹ́rẹ́.

Ohun tó yẹ kó fara balẹ̀ kọ́ ni bí a ṣe ń wo aṣọ. Kó lo wúùlù aláwọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ tí ara rẹ̀ ń dán, nítorí òwú dúdú tàbí òwú onírun kì í jẹ́ kí ojú ìhun hàn. Ẹ̀gbẹ́ kan ojú ìhun máa ń jọ lẹ́tà V, ẹ̀gbẹ́ kejì sì máa ń yọ kókó. Nínú aṣọ tó ń fà, tí V méjì ń tẹ̀ lé kókó méjì, ẹni tó bá ń hun V lórí V, tó sì ń hun kókó lórí kókó, kò ní ṣìnà, ì báà jẹ́ pé ó ti sùn kó tó padà dé ìdí rẹ̀. Àṣìṣe tó sì máa ń mú kí ojú pọ̀ sí i lójijì kò kan òǹkà rárá: ní ìbẹ̀rẹ̀ ìlà, bí òwú bá gba orí abẹ́rẹ́ kọjá sẹ́yìn, yóò fa ojú àkọ́kọ́ sókè, ojú kan náà yóò sì dà bíi méjì. Kí ó fa òwú náà wálẹ̀ sí ìsàlẹ̀ abẹ́rẹ́ kó tó hun ohunkóhun, òtítọ́ á hàn.

Síbẹ̀, ìgbà mìíràn wà tí iye gbọ́dọ̀ pé. Ojú ènìyàn máa ń dá ohun mẹ́ta tàbí mẹ́rin mọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà láìkà á, nítorí náà, bí a bá fẹ́ ogójì ojú, kí ẹnìkan bá a kó òrùka kéékèèké mẹ́wàá sórí tábìlì, kí ó sì máa fi ọ̀kan sórí abẹ́rẹ́ lẹ́yìn ojú mẹ́rin-mẹ́rin. Bí òrùka bá tán lórí tábìlì, iye ti pé. Mo mọ̀ pé àwọn kan á pe èyí ní ọgbọ́n ẹ̀wẹ́; àwọn ahunṣọ tó dáńgájíá náà ń lo òrùka.

Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Kí ó tó wọ ibi tó le nínú iṣẹ́, kí ó fi abẹ́rẹ́ ìránṣọ fa òwú tẹ́ẹ́rẹ́ aláwọ̀ mìíràn gba inú gbogbo ojú tó wà lórí abẹ́rẹ́ ìhun, kí ó fi í sílẹ̀ níbẹ̀, kó sì máa hun lọ. Bí nǹkan bá dàrú lókè, yóò yọ abẹ́rẹ́, yóò tú aṣọ náà dé ibi òwú tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn, yóò sì bá gbogbo ojú ní ipò wọn.

Ní ti apá súwẹ́tà, kí ó hun méjèèjì pọ̀ lórí abẹ́rẹ́ kan náà, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní bọ́ọ̀lù wúùlù tirẹ̀. Bí apá ọ̀tún bá ṣe ń gùn ni ti òsì á máa gùn, kò sí pé à ń ka ìlà. Iṣẹ́ oníhò wẹẹrẹ, tí iye ojú rẹ̀ lè máa yí padà ní ìlà dé ìlà, ni mo máa ní kó fi sílẹ̀ ná. Bó bá sì wù ú kó má hun ún láéláé, fìlà àti ìborùn ṣì pọ̀ tó lè hun.